Ohun Tí A Kò Kọ Sílẹ̀ Kì í Ṣe Òdo

Àwọn àgbà ní bí òní ṣe rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, òun ló ń mú kí babaláwo máa dífá ọrọọrún. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ òwe yìí, ṣùgbọ́n n kò ronú jinlẹ̀ sí i títí di oṣù Kejìlá ọdún tí mo wà ní SS1, nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi tí ń gbé ní ìlú Baltimore ní Amẹ́ríkà, wá bá wa ṣe ọdún Kérésìmesì. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n ti mú iná lọ, a jókòó sí ẹ̀yìnkùlé, mo sì rí Bọ̀dá mi tí wọ́n ń kọ orúkọ ẹgbẹ́ eléré 30 sínú ìwé, láti orí èyí tí yóò ṣe ipò kìíní dé orí èyí tí yóò kẹ́yìn. Mo bi wọ́n pé eré wo nìyẹn. Wọ́n ní béésíbọ́ọ̀lù ni. Mo ní ṣé wọ́n ti gbá a tán ni. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Wọn ò tíì gbá ẹyọ kan. Ẹnikẹ́ni ò sì ní gbá a. Kọ̀ǹpútà ló máa gbá a."

Wọ́n ṣàlàyé fún mi pé àwọn àti ọ̀rẹ́ wọn 13 ní líìgì kan. Nínú líìgì náà, kò sí ẹni tó ń sáré, kò sí ẹni tó ń làágùn. Wọ́n á kó orúkọ àwọn eléré gidi àti àkọsílẹ̀ ohun tí wọ́n ti ṣe sẹ́yìn sínú kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà á sì gbá gbogbo ìdíje ọdún náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kí ó tó bẹ̀rẹ̀, olúkúlùkù gbọ́dọ̀ kọ tábìlì tó rò pé yóò jáde. Bí o bá fi ẹgbẹ́ kan sí ipò kejì, tí ó wá ṣe ipò karùn-ún, àṣìṣe rẹ jẹ́ 3. Wọ́n á ro gbogbo àṣìṣe rẹ pọ̀. Ẹni tí tirẹ̀ bá kéré jù ló borí. Bọ̀dá mi ya ewé kan fún mi, wọ́n ní, "Ìwọ náà kọ tìrẹ. A ó fi ọ́ ṣe ẹni kẹẹ̀ẹ́dógún."

Ohun tí mo ṣe kò gba ọgbọ́n. Mo ní kí wọ́n fi tábìlì ọdún tó kọjá hàn mí lórí fóònù, mo dà á kọ bó ṣe wà, mo kàn gbé ẹgbẹ́ Baltimore sókè díẹ̀ kí inú Bọ̀dá mi lè dùn. Nígbà tí èsì dé sórí WhatsApp ní oṣù Kìíní, ipò 13 ni mo wà nínú ènìyàn 15. Ó dùn mí. Ìbéèrè kan sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ mí lẹ́nu: bí àwọn eléré náà bá jẹ́ àwọn kan náà, kí ló dé tí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní èṣí kò fi sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ ní ọdún yìí? Ìbéèrè yẹn ló gbé mi wọ inú ìtàn tí mo fẹ́ sọ fún yín.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé eré náà ní ṣókí, nítorí pé a kì í sábà gbá a lọ́dọ̀ wa. Ẹgbẹ́ méjì ni, ènìyàn 9 ní ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹnì kan láti ẹgbẹ́ kan yóò ju bọ́ọ̀lù kékeré líle kan, ajubọ́ọ̀lù nìyẹn. Ẹnì kan láti ẹgbẹ́ kejì yóò di ọ̀pá mú láti fi lù ú, alubọ́ọ̀lù nìyẹn. Bí ó bá lù ú dáadáa, yóò sáré láti ibùdó kan dé òmíràn. Bí ó bá yí ibùdó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin po, ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ayò 1. Ní Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ 30 ló wà nínú líìgì àgbà, ìsọ̀rí 6 ni wọ́n pín wọn sí, ẹgbẹ́ 5 nínú ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan sì ń gbá ìdíje 162 lọ́dún.

Ohun tó mú eré yìí yàtọ̀ sí bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ni pé a lè gé e sí wẹ́wẹ́. Nínú bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀, ènìyàn 22 ń sáré pọ̀ fún àádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú, ó sì ṣòro láti mọ ẹni tó ni ọpẹ́ góòlù kan. Ṣùgbọ́n nínú béésíbọ́ọ̀lù, ẹnì kan jù, ẹnì kan lù, a sì rí àbájáde rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ohun tí a bá lè gé sí wẹ́wẹ́, a lè kà á. Ohun tí a bá lè kà, a lè kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹni tó kọ́ àwọn ará Amẹ́ríkà bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ sílẹ̀ ni Henry Chadwick. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti bí i ní ọdún 1824, ó sì dé Amẹ́ríkà nígbà tó wà lọ́mọdé. Oníròyìn ni. Ó mú àtẹ kékeré kan gbajúmọ̀ nínú ìwé ìròyìn, èyí tó ń fi ohun tí eléré kọ̀ọ̀kan ṣe nínú ìdíje hàn ní nọ́ńbà. Nígbà tí wọ́n dá National League sílẹ̀ ní ọdún 1876, tí American League sì di líìgì àgbà ní ọdún 1901, àṣà kíkọ nọ́ńbà sílẹ̀ ti fìdí múlẹ̀. Ẹni tí kò dé pápá rí lè ka ìwé ìròyìn, kí ó sì mọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Kò pẹ́ tí àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í ronú pé, bí ìdíje bá lè di nọ́ńbà, ṣé nọ́ńbà náà kò lè padà di ìdíje? Ọ̀kan lára wọn ni Clifford Van Beek, ará ìlú Green Bay ní ìpínlẹ̀ Wisconsin. Ní ọdún 1930, ó gbé eré orí tábìlì kan jáde tó pè ní National Pastime. Eléré gidi kọ̀ọ̀kan ní káàdì tirẹ̀. Àkókò tó gbé e jáde kò dára, nítorí pé ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà ti dẹnu kọlẹ̀, eré náà kò sì tà. Ṣùgbọ́n ó bọ́ sọ́wọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Richard Seitz. Òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ dá líìgì tiwọn sílẹ̀, wọ́n ń fi dáìsì gbá a. Ní ọdún 1951, Seitz bẹ̀rẹ̀ sí í ta eré tirẹ̀ láti ìlú Lancaster ní Pennsylvania. APBA ni ó pè é.

Gbogbo ẹni tó bá ti ta lúdò rí yóò lóye bí káàdì wọ̀nyí ṣe ń ṣiṣẹ́. Dáìsì méjì ni wọ́n ń lò, àwọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ọ̀kan dúró fún ìdá mẹ́wàá, èkejì fún ẹyọ. Bí àkọ́kọ́ bá mú 4, tí èkejì sì mú 2, 42 nìyẹn. Láti 11 dé 66, ọ̀nà 36 ni dáìsì lè gbà ṣubú. Lórí káàdì eléré kọ̀ọ̀kan, wọ́n ti kọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí iwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú ọ̀nà 36 náà. Eléré tó lu bọ́ọ̀lù jáde kúrò ní pápá lọ́pọ̀ ìgbà ní èṣí yóò ní ọ̀nà púpọ̀ tó máa mú kí ó tún ṣe bẹ́ẹ̀. Eléré tí ọwọ́ rẹ̀ kò yá yóò ní díẹ̀. Káàdì náà kò mọ ojú ẹnikẹ́ni. Àkọsílẹ̀ èṣí nìkan ló mọ̀.

Ẹni kẹta ni Hal Richman, ará New York. Ọmọ ọdún 11 ni nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi dáìsì ṣe àdánwò nínú ilé wọn. Nígbà tó di ọdún 1961, ó gbé eré Strat-O-Matic jáde. Kò kọ́kọ́ tà fún un. Ó yá owó lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, àdéhùn wọn sì ni pé bí eré náà bá kùnà, yóò fi í sílẹ̀, yóò wá bá bàbá rẹ̀ ṣiṣẹ́. Eré náà kò kùnà. Títí di òní ni wọ́n ń tà á. Ohun tí Richman fi kún un ni pé ajubọ́ọ̀lù náà ní káàdì. Dáìsì mẹ́ta ló ń lò. Bí dáìsì kìíní bá mú 1, 2 tàbí 3, káàdì alubọ́ọ̀lù ni a ó wò. Bí ó bá mú 4, 5 tàbí 6, káàdì ajubọ́ọ̀lù ni. Ìyẹn ni pé ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ènìyàn kò sí lọ́wọ́ òun nìkan. Ìlàjì rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹni tó dojú kọ.

Kọ̀ǹpútà náà kò jìnnà. Ní nǹkan bí ọdún 1961, òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ IBM kan tó ń jẹ́ John Burgeson kọ ètò kan tó jẹ́ kí ẹ̀rọ IBM 1620, tó tóbi tó tábìlì ńlá, gbá béésíbọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀. Ní ọdún 1981, nígbà tí àwọn eléré gidi daṣẹ́ sílẹ̀ láti oṣù Kẹfà, tí pápá Cleveland sì ṣófo ní ọjọ́ tó yẹ kí àwọn ìlú-mọ̀-ọ́n-ká eléré pàdé níbẹ̀, dáìsì àti káàdì Strat-O-Matic ni àwọn kan fi gbá ìdíje náà nínú pápá yẹn. Ní ọdún 2020, nígbà tí àrùn kòrónà ti ilẹ̀kùn ayé pa, tí líìgì kò sì lè bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹta, ìkànnì Baseball Reference ń fi eré kọ̀ǹpútà kan tó ń jẹ́ Out of the Park Baseball gbá ìdíje ojoojúmọ́, wọ́n sì ń gbé tábìlì rẹ̀ jáde. Markus Heinsohn, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, ló dá eré kọ̀ǹpútà yẹn sílẹ̀. Ní ọjọ́ 23 oṣù Keje ni líìgì gidi tó bẹ̀rẹ̀, ìdíje 60 péré ni wọ́n sì ṣètò fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan.

Títí dé ibí yìí, mo ti mọ bí wọ́n ṣe ń gbá líìgì tí kò sí. Ṣùgbọ́n n kò tíì mọ ìdí tí mo fi ṣe ipò 13. Ìdáhùn rẹ̀ wá láti ọ̀dọ̀ ọkùnrin kan tó ń ṣọ́ ilé iṣẹ́ ẹ̀wà alágolo lóru ní ìlú Lawrence, ìpínlẹ̀ Kansas. Bill James ni orúkọ rẹ̀. Lóru, bí ó ti ń ṣọ́nà, ó ń ro ìṣirò béésíbọ́ọ̀lù. Ní ọdún 1977, ó fi owó ara rẹ̀ tẹ ìwé kékeré kan jáde, Baseball Abstract. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn tó ń ṣàkóso ẹgbẹ́ kò fi kà á sí. Nígbà tó yá, ẹgbẹ́ Boston Red Sox gbà á síṣẹ́, ní ọdún 2004 wọ́n sì gba ife ẹ̀yẹ tí wọn kò gbà mọ́ láti ọdún 1918.

James ní ká má wo iye ìdíje tí ẹgbẹ́ kan borí nìkan. Ẹ wo ayò tó jẹ àti ayò tí wọ́n jẹ ẹ́. Ẹ sọ nọ́ńbà méjèèjì di ìlọ́po ara wọn. Ẹ ro wọ́n pọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ìlọ́po ti ayò tó jẹ pín pẹ̀lú àpapọ̀ yẹn. Ká ní ẹgbẹ́ kan jẹ ayò 800, wọ́n sì jẹ ẹ́ ní 700. 800 lọ́nà 800 jẹ́ 640,000. 700 lọ́nà 700 jẹ́ 490,000. Àpapọ̀ wọn jẹ́ 1,130,000. Bí a bá fi èyí pín 640,000, a ó rí 0.566. Bí a bá sọ ọ́ di ìlọ́po 162, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 92. Nítorí náà, ìdíje 92 ló yẹ kí ẹgbẹ́ náà borí. Bí ó bá borí 100, oríire ti bá a ṣe é. Bí ó bá borí 84, oríire ti yẹ̀ lórí rẹ̀. Oríire kì í sì í bá ènìyàn gbé pẹ́.

Mo fẹ́ mọ bí oríire ṣe pọ̀ tó, mo bá mú owó ẹyọ kan, èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan ní kíláàsì sì jù ú ní ìgbà 162 lẹ́yìn ilé ìwé. Ká ní orí owó ni ìborí. 81 ló yẹ kó jáde. 74 ni a rí. Olùkọ́ ìṣirò wa sọ pé kò sí ohun tó burú nínú owó náà: bí a bá tún un ṣe lọ́pọ̀ ìgbà, nínú ìgbà mẹ́ta, nǹkan bí ìgbà méjì ni èsì yóò wà láàárín 75 sí 87. Ẹ wò ó, ẹgbẹ́ méjì tí agbára wọn dọ́gba pátápátá lè fi ìdíje 12 jìnnà síra wọn lórí tábìlì, láìjẹ́ pé ọ̀kan dára ju èkejì lọ.

Nígbà náà ni ìtàn àwọn ẹgbẹ́ gidi bẹ̀rẹ̀ sí í yé mi. Seattle Mariners borí ìdíje 116 ní ọdún 2001. Ẹni tó bá da tábìlì yẹn kọ fún ọdún 2002 ti ṣìnà, nítorí pé 93 ni wọ́n borí. Ní ti Baltimore Orioles, ẹgbẹ́ Bọ̀dá mi, wọ́n borí 69, wọ́n pàdánù 93 ní ọdún 2011. Ní ọdún 2012, wọ́n borí 93, wọ́n pàdánù 69. Àwọn tó ń sọ tábìlì tẹ́lẹ̀ kò rí i rárá. Ayò 712 ni wọ́n jẹ lọ́dún yẹn, wọ́n sì jẹ wọ́n ní 705. Ìṣirò James sọ pé 82 ló yẹ kí wọ́n borí. Ṣùgbọ́n nínú ìdíje tí ayò 1 péré la ẹgbẹ́ méjèèjì láàárín, wọ́n borí 29, wọ́n pàdánù 9. Bọ̀dá mi ní àwọn kò sùn lóru ọ̀pọ̀ ọjọ́ lọ́dún náà. Àwa tí a ń wo bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà kò gbàgbé Leicester City ní ọdún 2016, nígbà tí ẹgbẹ́ tí kò sí ẹni tó kà á sí gba líìgì.

Ní ọdún kejì, mo tún kọ tábìlì ránṣẹ́ sí Bọ̀dá mi. Lọ́tẹ̀ yìí, mo ro ayò ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, mo fa àwọn tí oríire gbé sókè wálẹ̀ díẹ̀, mo sì gbé àwọn tí oríire já jù sílẹ̀ sókè díẹ̀. Ipò kẹrin ni mo ṣe. Bọ̀dá mi ṣe ìkeje. Wọ́n fi owó káàdì ránṣẹ́ sí mi, wọ́n ní ọmọ tó mọ ìṣirò ju bàbá ìsàlẹ̀ lọ ni mí.

Ṣùgbọ́n bí mo ti ń ka ìtàn yìí síwájú, mo rí ibì kan tó mú mi lọ́kàn. Mo bi Bọ̀dá mi bóyá àwọn lè fi káàdì gbá líìgì àwọn ọdún 1930. Wọ́n ní ó ṣeé ṣe. Mo ní káàdì àwọn aláwọ̀ dúdú ńkọ́? Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní, "Ọ̀pọ̀ ọdún ni kò fi sí."

Láti ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn tó ni líìgì àgbà ní Amẹ́ríkà kò jẹ́ kí aláwọ̀ dúdú gbá a. Kò sí òfin tí wọ́n kọ sílẹ̀. Wọ́n kàn fohùn ṣọ̀kan ni. Ní oṣù Kejì ọdún 1920, Rube Foster kó àwọn tó ni ẹgbẹ́ aláwọ̀ dúdú jọ ní Kansas City, wọ́n sì dá Negro National League sílẹ̀. Àwọn líìgì mìíràn tẹ̀ lé e. Àwọn eléré ńlá wà níbẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni Josh Gibson, tí wọ́n bí ní Georgia ní ọdún 1911. Ó kú ní oṣù Kìíní ọdún 1947, ọmọ ọdún 35. Ní oṣù Kẹrin ọdún kan náà, Jackie Robinson wọ pápá fún Brooklyn Dodgers, ilẹ̀kùn sì ṣí. Gibson fi oṣù mẹ́ta pàdánù rẹ̀.

Nígbà tí Seitz àti Richman ń ṣe káàdì wọn, ibo ni wọn ìbá ti rí nọ́ńbà Gibson? Àwọn ìwé ìròyìn ńlá kì í tẹ àtẹ líìgì aláwọ̀ dúdú. Owó kò sí lọ́wọ́ àwọn ẹgbẹ́ náà láti gba akọ̀wé fún gbogbo ìdíje. Ẹni tí kò ní nọ́ńbà kò ní káàdì, ẹni tí kò sì ní káàdì kò lè gbá nínú líìgì àfarawé, bí ó ti wù kí ọwọ́ rẹ̀ le tó. Wọ́n ti kọ́kọ́ lé e kúrò nínú líìgì gidi. Àìní àkọsílẹ̀ tún wá lé e kúrò nínú líìgì tí kò sí.

Àwọn òpìtàn ló tún un ṣe. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi jókòó sínú ilé ìkàwé, tí wọ́n ń ṣí ìwé ìròyìn àwọn aláwọ̀ dúdú, bíi Chicago Defender àti Pittsburgh Courier, tí wọ́n ń wá àtẹ ìdíje kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n sì ń rò ó pọ̀. Ní ọdún 2009, Strat-O-Matic gbé káàdì àwọn eléré Negro Leagues jáde. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2020, líìgì àgbà kéde pé líìgì aláwọ̀ dúdú láti 1920 dé 1948 jẹ́ líìgì àgbà náà. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2024, wọ́n da nọ́ńbà wọn pọ̀ mọ́ ti ìyókù, ti eléré tó ju 2,300 lọ. Ọjọ́ yẹn ni Josh Gibson bọ́ sí ipò kìíní nínú gbogbo àwọn tó ti lu bọ́ọ̀lù rí: nínú ìgbà 1,000, yóò lù ú dáadáa ní ìgbà 372. Ty Cobb tó ti wà nípò náà tipẹ́ ní 367.

Àwọn kan ní ìdíje Gibson kéré jù, pé púpọ̀ nínú rẹ̀ ti sọnù. Òótọ́ ni pé ó ti sọnù. Ṣùgbọ́n ohun tó sọnù kò túmọ̀ sí pé kò ṣẹlẹ̀. Àwọn òpìtàn wọ̀nyẹn kò bu nọ́ńbà kún un láti inú àánú. Ohun tí wọ́n rí ni wọ́n kọ, ohun tí wọn kò rí ni wọ́n fi àyè rẹ̀ sílẹ̀, wọn kò sì kọ òdo sí i.

Ibi tí ìtàn yìí ti kan èmi gan-an nìyí. Ní ìparí SS2, wọ́n lẹ àkójọ kan mọ́ ara ògiri ní ilé ìwé wa. Wọ́n ti ro ìpíndọ́gba máàkì gbogbo wa fún tááàmù 6, láti SS1 dé SS2, wọ́n sì fà ìlà kan sábẹ́ 55. Ẹni tó wà lókè ìlà ni wọ́n retí pé yóò yege nínú WAEC. Ẹni tó wà nísàlẹ̀ kò ní forúkọ sílẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀. Yóò tún kíláàsì kà. Ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ju owó ẹyọ wà nísàlẹ̀, 53.

Gbogbo wa mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde ń bá a jà, ilé ìwòsàn ló sì wà ní tááàmù kejì SS2 láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò kọ ìdánwò kankan. Nínú ìwé àkọsílẹ̀, wọ́n kọ òdo sí i. Bàbá rẹ̀ rí àkójọ náà, wọ́n ní bóyá kí ó kúkú lọ kọ́ iṣẹ́ ọwọ́, kí owó ilé ìwé má baà ṣòfò lọ́nà méjì. Ọ̀rẹ́ mi kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ó kàn dẹ́kun bíbá wa ka ìwé.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, mo mú ìwé ìṣirò tí mo fi ń kọ tábìlì Bọ̀dá mi, mo sì kọ máàkì rẹ̀ sínú rẹ̀: 61, 64, 66, 65, òdo, 62. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 318. Bí a bá fi 6 pín in, 53 ni. Ṣùgbọ́n ìdánwò tó kọ jẹ́ ti tááàmù 5. Bí a bá fi 5 pín in, 63.6 ni. Ẹ̀rí wo ló wà nínú ìwé náà pé ọmọ yìí lè gba òdo? Kò sí. Máàkì rẹ̀ tó kéré jù jẹ́ 61. Kódà lẹ́yìn tó jáde ní ilé ìwòsàn, tí ara rẹ̀ kò tíì dá pé, 62 ló gbà.

Èmi àti ìyá rẹ̀ ló mú ìwé náà lọ bá olùkọ́ kíláàsì wa. Mo ti múra ọ̀rọ̀ sílẹ̀ nípa Josh Gibson, ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé iwájú wọn, ẹnu mi kò gbà á. Mo kàn na ìwé sí wọn, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ wo ibi tí òdo yìí wà. Kò sí nílé ìwé lọ́jọ́ náà." Wọ́n wò ó pẹ́. Wọ́n ní òfin ni òfin, àwọn kò lè dá a yí. Ìyá rẹ̀ mú ìwé ilé ìwòsàn jáde, wọ́n gbé e sórí tábìlì. Olùkọ́ wa kó méjèèjì, wọ́n wọ ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà. A dúró ní ìta fún nǹkan bí wákàtí kan. Nígbà tí wọ́n jáde, wọ́n ní wọn yóò yọ tááàmù yẹn kúrò nínú ìṣirò rẹ̀, àti ti ọmọ mìíràn méjì tí ọ̀rọ̀ wọn jọ bẹ́ẹ̀. Èmi kò mọ̀ pé àwọn méjì mìíràn wà. Ẹnikẹ́ni kò tíì bá wọn rò ó.

Kí ẹ má ṣì mí gbọ́. N kò sọ pé kò yẹ kí a máa fi nọ́ńbà sọ ọjọ́ iwájú. Nọ́ńbà ló gbé mi láti ipò 13 sí ipò 4. Bí a bá ní ká má wo nọ́ńbà, ojú la ó máa wò, àwọn tó wo ojú ló sì ti Gibson síta. Ohun tí mo kọ́ ni pé ẹni tó fẹ́ sọ tábìlì tẹ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè mẹ́ta. Àkọ́kọ́, ṣé agbára ni nọ́ńbà yìí ń wọ̀n, àbí oríire? Èkejì, báwo ni àṣìṣe mi ṣe lè pọ̀ tó, kódà bí gbogbo ìṣirò mi bá tọ̀nà? Ẹ̀kẹta, ta ni kò sí nínú ìwé mi, kí sì ni ìdí tí kò fi sí níbẹ̀? Àwọn tó ń ta dáìsì ti mọ ìbéèrè méjì àkọ́kọ́ tipẹ́. Ẹ̀kẹta ló pẹ́ kí wọ́n tó bi í.

Mo ń kọ àròkọ yìí ní SS3, ó ku oṣù díẹ̀ kí a wọlé ìdánwò. Ọ̀rẹ́ mi ti forúkọ sílẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá ó bi mí pé, "Ìwọ tó o máa ń sọ tẹ́lẹ̀, kí lo kọ sí iwájú orúkọ mi?" Mo ní mo kọ 63.6 sí i, mo sì fi àyè sílẹ̀ lápá òkè àti lápá ìsàlẹ̀. Ó ní lápá òkè ni òun yóò lò. A sì padà sórí ìwé wa.